Achaba, Àṣíborí àti Orí Ènìyàn

Ohun gbogbo tí ó ń ṣe ọmọ ènìyàn láǹfààní ni ó ní ewu tirẹ̀. Iná ni a fi ń se oúnjẹ, iná kan náà ni ó sì ń jó ilé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ alùpùpù rí ní Nàìjíríà. Ó ti fún ọ̀pọ̀ aláìníṣẹ́ ní ohun tí wọn yóò máa jẹ, ó ti gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ó sì ti rán ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí ọ̀run ọ̀sán gangan. Ìtàn rẹ̀, pàápàá ní Kano àti ní Maiduguri, yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ń ṣe òfin, ó sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí a ń ṣe òfin fún.

Ní 1885 ni Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach, ará Jámánì méjì, so ẹ̀rọ mọ́ kẹ̀kẹ́ onígi kan, tí kẹ̀kẹ́ náà sì ń fúnra rẹ̀ rìn. Nígbà tí irú ohun ìrìnnà bẹ́ẹ̀ dé Nàìjíríà ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òyìnbó àti ìwọ̀nba òṣìṣẹ́ ìjọba ni agbára wọn ká a. Ohun ọlá ni í ṣe nígbà náà. Ẹni tí ó bá ní ọ̀kan kì í jẹ́ kí ó sun ìta; ní kùtùkùtù ni yóò ti máa fi aṣọ nù ún títí yóò fi máa dán bí dígí. Bí àwọn ọmọdé bá gbọ́ ìró rẹ̀ ní òkèèrè, wọn a sáré jáde láti wò ó. Ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò fi odindi ọjọ́ kan rìn, wákàtí kan tàbí méjì ni ti alùpùpù, atẹ́gùn tútù yóò sì máa fẹ́ sí ẹni tí ó gùn ún lára.

Owó epo rọ̀bì ni ó mú kí ọlá yìí kan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ìparí 1974, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon gba àbá ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀, ó sì fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn tísà, àwọn akọ̀wé àti àwọn nọ́ọ̀sì fi owó Udoji ra Honda, Suzuki àti Yamaha, tí ó ti ilẹ̀ Jàpáánì wá.

Ṣùgbọ́n bí ayé bá ń rọ̀, bí ó pẹ́ bí ó yá, ó lè tún le. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ ní 1986, iye náírà já wálẹ̀, mọ́tò di ohun tí òṣìṣẹ́ ń fi ojú lásán wò, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó ní alùpùpù ń fi í gbé èrò kí ilé má bàa dáwó. Ní gúúsù, wọ́n sọ ọ́ ní okada, èyí tí í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Benin ní 1983, nítorí pé òun náà a máa fò kọjá níbi tí mọ́tò há sí. Ní ilẹ̀ Hausa, achaba ni wọ́n ń pè é. Ní Kutọnu, wọ́n pè é ní zemidjan, tí ó túmọ̀ sí “tètè gbé mi lọ” ní èdè Fọn. Ní Douala ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, bend-skin ni. Ó gbilẹ̀ níbẹ̀ láti 1991, nígbà tí àwọn alátakò ìjọba ní kí ìlú dá, tí takisí kò sì rìn. Orúkọ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kan náà ni: ọkọ̀ wọ́n, iṣẹ́ sì wọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, alùpùpù olówó pọ́ọ́kú láti ilẹ̀ China, irú Jincheng, kún títì Kano. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti abúlé wá lẹ́yìn ìkórè, bí kò bá lè ra tirẹ̀, a gba ti olówó gùn, a sì máa jíṣẹ́ owó fún un ní alaalẹ́. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù di tirẹ̀, kò sì sí ọ̀gá tí yóò máa pàṣẹ fún un láti àárọ̀ di alẹ́. Ní abúlé tí mọ́tò kò dé, achaba ni ó ń gbé àgbẹ̀ àti àpò ọkà bàbà rẹ̀ lọ sí ọjà. Òun náà ni ó ń gbé aboyún tí ó ń rọbí ní òru.

Síbẹ̀, ohun tí ó ń fò yìí kò ní ìyẹ́. Ẹni tí ó kọ́ ọ ní òwúrọ̀ lè máa gbé èrò ní ìrọ̀lẹ́, èrò méjì tàbí mẹ́ta a sì máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú mọ́tò ní irin tí ó yí i ká. Ẹni tí ó wà lórí alùpùpù, ara rẹ̀ ni irin. Ẹsẹ̀ tí ó kán lè jinná. Orí tí ó fọ́ kì í sábà ní àtúnṣe. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti tọ́ka sí fi hàn pé àṣíborí tí a dé dáradára ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní ìdá 69 nínú 100.

Ìmọ̀ yìí kò ṣàdédé dé. Ní oṣù karùn-ún 1935, T. E. Lawrence, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Lárúbáwá, tí ó sì fẹ́ràn eré alùpùpù ju ohun mìíràn lọ, yà fún àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ó ṣubú, ó sì fi orí gbálẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ó kú. Hugh Cairns, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn tí a pè sí i, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán sí ibojì. Ó ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ ogun tí ń gun alùpùpù, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1941. Ní ọdún náà ni àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì pa á láṣẹ fún àwọn ìránṣẹ́ wọn tí ń gun alùpùpù láti máa dé àṣíborí. Ó di 1973 kí òfin náà tó kan gbogbo ará ìlú. Ọdún 32 ni wọ́n fi ṣe àlàyé kí wọ́n tó fi òfin dè é.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2009, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú ẹnikẹ́ni tí ó bá gun alùpùpù láìdé àṣíborí, ìbáà jẹ́ ẹni tí ń wà á tàbí èrò ẹ̀yìn rẹ̀. Ète náà dára. Ṣùgbọ́n àṣíborí wọ́n gógó. Ní Kano, àwọn mìíràn gbé igbá gbígbẹ borí, wọ́n sì fi okùn dè é; àwọn mìíràn dé agolo ọ̀dà tàbí ìkòkò. Àwọn èrò ní tiwọn ń bẹ̀rù àṣíborí tí gbogbo ènìyàn ń dé, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi oògùn sínú rẹ̀, kí wọ́n sì di àwátì. Wọ́n mú ènìyàn, wọ́n gba alùpùpù, àwọn alachaba sì fẹ̀hónú hàn. Ìròyìn náà pa aráyé lẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ẹni tí ó gbé igbá borí kò sọ pé orí òun kò níye lórí. Ohun tí ó ń sọ ni pé owó àṣíborí ju agbára òun lọ, àti pé ọlọ́pàá ni òun ń bẹ̀rù, kì í ṣe ojú títì.

Ní Maiduguri, kò sí ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kẹfà 2009, àwọn ọmọlẹ́yìn Mohammed Yusuf ń lọ sin òkú wọn, wọ́n sì gun alùpùpù láìdé àṣíborí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Operation Flush dá wọn dúró, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, àríyànjiyàn di ìbọn, ènìyàn 17 sì fara gbọgbẹ́. Ní ìparí oṣù keje, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kú, wọ́n sì pa Yusuf fúnra rẹ̀ nígbà tí ó wà ní àhámọ́ àwọn ọlọ́pàá. Kì í ṣe àṣíborí ni ó bí ogun Boko Haram. Ìṣẹ́, ẹ̀kọ́ òdì àti ìkórìíra ti gbẹ igi náà tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìjà àṣíborí wà lára ìṣáná tí a ṣá sí i.

Láti ìgbà náà ni apànìyàn ti ń fi alùpùpù wá, tí ó sì ń fi í sá lọ. Ní oṣù keje 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Borno fi òfin de alùpùpù ní Maiduguri. Ní oṣù kìn-ín-ní 2013, lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlu Ẹ́míà Kano, Alhaji Ado Bayero, tí orí sì yọ ọ́, ìjọba Kano fi òfin de achaba. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó gba ipò rẹ̀. Ẹni tí kò ní owó rẹ̀ padà sí ibi tí ó wà kí alùpùpù tó dé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí ni a fi ń mú ẹran láwo. Orí náà ni alachaba gbé lọ sí ojú títì láti wá ẹran náà. Ìjọba tí ó bá fẹ́ dáàbò bo orí yìí ní láti kọ́ ẹni tí ń wa alùpùpù kí ó tó fún un ní ìwé àṣẹ, kí ó jẹ́ kí àṣíborí tí ó dára wà ní iye tí agbára tálákà ká, kí ó sì fi sùúrù ṣe àlàyé kí ó tó fi pàṣán ṣe é. Ní ti ẹni tí ń gùn ún, kí ó rántí pé ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lè má sí ní ọ̀nà ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n òkúta kì í kúrò níbẹ̀. Igbá lè tan ọlọ́pàá jẹ; kò lè tan títì jẹ.