Bí Àgbà Bá Ṣubú: Ọ̀rọ̀ lórí Ọkọ̀ Òfurufú Àfọwọ́kọ́ àti Ọ̀nà Tí Epo Ń Gbà Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ sún mọ́ ibí, nítorí ọ̀kan nínú yín ni ó bí ọ̀rọ̀ tòní. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì tí mo ń kọ́ fi páálí àti wáyà kọ́ ọkọ̀ òfurufú kékeré kan. Ó ní bí òun bá dàgbà, òun yóò kọ́ èyí tí ènìyàn lè jókòó sí. Lẹ́yìn náà ni ó wò mí lójú, ó ní, "Sà, bí ọkọ̀ náà bá já lulẹ̀ ńkọ́? Ṣé a tún lè tún un kọ́?"

Mo dá a lóhùn pé a lè tún un kọ́, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe. Àwọn baba wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn wo bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ti jẹ́ òtítọ́ tó.

Ní ọdún 1907 ni ojú irin rélùwéè láti Èkó dé Òṣogbo. Ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá, ó sì dé Ìlọrin ní ọdún 1908. Ní àkókò kan náà tí àwọn baba ńlá wa ń jáde wá wo ọkọ̀ tí ń tú èéfín lórí irin, àwọn ọmọ ìyá méjì kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Wilbur àti Orville Wright. Wọn kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní ìlú Dayton. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ́ ọkọ̀ òfurufú tí ó fò ní ọjọ́ 17 oṣù December ọdún 1903. Fífò àkọ́kọ́ yẹn kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 12 lọ, ọ̀nà tí ó rìn kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 120 lọ. Wọ́n gbé táńkì epo kékeré kan ga ju ẹ̀rọ lọ, epo sì ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí omi ti ń ṣàn láti inú táńkì tí ẹ gbé sórí òpó nínú ọgbà yín.

Ní ọjọ́ 17 oṣù September ọdún 1908, ọdún tí rélùwéè dé Ìlọrin gan-an, Orville gbé ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Thomas Selfridge sókè ní Fort Myer, nítòsí Washington. Àwẹ́ abẹ̀bẹ̀ kan sán, ó lu wáyà tí ó di ìtọ́kọ̀ ẹ̀yìn mú, ọkọ̀ náà sì já lulẹ̀. Selfridge kú, Orville sì fara pa gidigidi. Àwọn ọmọ Wright kò sọ pé ayé ni ó ṣe é, wọn kò sì sáré kan àfọ́kù pọ̀ kí wọ́n tún fò. Wọ́n yẹ àfọ́kù náà wò títí wọ́n fi rí ìdí ọ̀ràn. Ní ọdún 1909 wọ́n gbé ọkọ̀ tuntun padà sí pápá kan náà, ó yege, ìjọba Amẹ́ríkà sì rà á. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a yà sí ọ̀rọ̀ epo, nítorí ẹ̀rọ tí epo kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òkú irin ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdídò Odò Ọtìn tí ó wà ní Èkó-Èǹdé, ẹ mọ̀ pé omi inú rẹ̀ kò wúlò fún ẹni tí ó wà nílé bí páìpù bá bẹ́, bí ìdọ̀tí bá dí i, tàbí bí ẹnìkan bá ti téépù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ òfurufú. Táńkì ni ìdídò rẹ̀. Páìpù ń gbé epo lọ, asẹ́ ń gba ìdọ̀tí, téépù ń sọ táńkì tí epo yóò ti wá, pọ́ǹpù sì ń tì í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Táńkì tún gbọ́dọ̀ ní ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé bí a bá lu ihò kan ṣoṣo sí agolo mílíìkì, kì í dà dáadáa. Ihò kejì ni ó ń jẹ́ kí ó ṣàn. Bí agbọ́n bá fi amọ̀ dí ihò atẹ́gùn táńkì, ẹ̀rọ lè kú lókè nígbà tí epo ṣì pọ̀ nínú rẹ̀.

Omi ni ọ̀tá kejì. Ẹ da kẹrosíìnì àti omi sínú ìgò kan, ẹ ó rí i pé omi yóò lọ sí ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí pẹ̀lú epo pẹtiróòlù. Nítorí náà, kí awakọ̀ òfurufú tó gbéra, a máa fa epo díẹ̀ láti ìdí táńkì sínú ife tí ó mọ́ gaara, a ó sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ wò ó. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ní oṣù July ọdún 2023, ní Yola ní ilẹ̀ wa níbí, wọ́n bá omi púpọ̀ nínú táńkì ọkọ̀ èrò Boeing 737 kan. Ọpẹ́ ni pé orí ilẹ̀ ni àṣírí ti tú.

Ẹ gbọ́ ìtàn olórin Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ John Denver. Ó ra ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Long-EZ, èyí tí Burt Rutan ya àwòrán rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè máa kọ́ ọ fúnra wọn. Ẹni tí ó kọ́ ọkọ̀ yìí kò fi téépù epo sí iwájú awakọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòrán ti wí. Ẹ̀yìn èjìká òsì ni ó gbé e sí. Ó le láti yí, kò sì sí àmì kankan lára rẹ̀ tí ó ń sọ ibi tí a yí i sí. Ní ọjọ́ 12 oṣù October ọdún 1997, Denver gbéra láti Monterey láìbu epo sí i. Àwọn olùwádìí ìjọba sọ pé, nígbà tí ó yíjú sẹ́yìn láti yí téépù náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ìtọ́kọ̀ ọ̀tún láìmọ̀, ọkọ̀ sì já sínú òkun. Ẹni ọdún 53 ni. Wọ́n ka ìwà awakọ̀ tí kò bu epo kún ìdí ìjàǹbá náà, wọ́n sì ka ti ẹni tí ó gbé téépù síbi tí ọwọ́ kò lè tètè dé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ò rí i bí ohun kékeré ti í di ńlá?

Ilẹ̀ wa náà ti fọwọ́ kan irú iṣẹ́ yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ní Kàdúná, Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú wa mú àwòrán RV-6A, ọkọ̀ àtòpọ̀ tí Richard VanGrunsven ará Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn tí ń kọ́ ọkọ̀ sílé, wọ́n sì fi ṣe Air Beetle tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ wọn. Ìjàǹbá náà kò sì jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 1 oṣù August ọdún 2023, ọkọ̀ kékeré Jabiru kan já sí ojú títì Oba Akran ní Ìkẹjà, ó sì gbiná. Ènìyàn méjì ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì yè é. Iléeṣẹ́ kan wà ní ilẹ̀ wa tí ń wádìí irú ọ̀ràn báyìí. Kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ni ó ṣe ń wádìí, bí kò ṣe kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Báwo ni a ṣe ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́? Kí a tó mú òòlù, ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí tí ó fi ṣubú. Lẹ́yìn náà kí a fọ táńkì, kí a pààrọ̀ rọ́bà tí epo ń gbà bí ó bá ti gbó tàbí tí iná ti rà á. Kí a má sì jẹ́ kí páìpù epo sún mọ́ páìpù èéfín tí ń gbóná. Kí a kọ orúkọ táńkì sára téépù kedere. Kí a wá wọn epo tí ń ṣàn. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé ni pé, bí epo bá ń ṣàn fúnra rẹ̀ láti òkè, ohun tí ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tó ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ̀rọ ń mu nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra; bí pọ́ǹpù bá ń tì í, ìdá 125. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá mi ṣe ìṣirò. Bí ẹ̀rọ bá ń mu lítà 40 ní wákàtí kan, páìpù tí ń ṣàn fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé lítà 60. Ti pọ́ǹpù, lítà 50. Imú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè nígbà tí a bá ń wọ̀n ọ́n, bí ìgbà tí ó ń gun òfurufú.

Bóyá ẹnìkan ń sọ pé, "Olùkọ́, èmi kò ní ọkọ̀ òfurufú." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n o ní jẹnẹrétọ̀, o ní ọ̀kadà, o ní sítóòfù. Epo kan náà ni. Má ṣe bu epo sí jẹnẹrétọ̀ tí ó ṣì ń gbóná. Má ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù sínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Bí kẹrosíìnì bá ń ṣe páàpáà nínú àtùpà, pa á, má ṣe fi ara dà á di ọ̀la.

Ní ti ọmọkùnrin tí ó bi mí léèrè, mo sọ fún un pé kí ó máa kọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ó bá ṣubú, kí ó wo ẹ̀yìn kí ó tó mú òòlù. Ó padà wá ní ọjọ́ kejì, ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ ìdí tí ọkọ̀ páálí rẹ̀ fi máa ń dorí kodò sínú ìwé: imú rẹ̀ wúwo jù. Inú mi dùn gidigidi.