Nọ́ọ̀kì

Òyìnbó ló ni ọ̀rọ̀ yìí, ariwo sì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: kí irin máa gbá irin nínú ẹ́ńjìnnì. Lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì tiwa, ó ti kọjá ariwo. “Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì” ni pé ó ti kú, kò yí mọ́. Lójú tèmi, ìtumọ̀ tiwa ló gún jù, torí awakọ̀ tó gbọ́ ariwo yẹn, tó tún fi ẹrù pákó gun òkè Ẹfọ̀n-Aláayè, kò ní pẹ́ rí ìyókù.

Àìsí ọ́ìlì tàbí omi tó gbẹ nínú rédíétọ̀ ló sábà ń fà á. Písítìnnì á gbóná, á wú, á há. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ló kù kéèyàn wá owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì tó há ló nọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n pa tì ní Ìlórò-Èkìtì láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn lè kàn dógùn-ún. Ìyẹn ṣì ní àtúnṣe. Ẹ tú nọ́súlù, ẹ da dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sí ihò písítìnnì kọ̀ọ̀kan, kó sùn mọ́jú, kí ẹ wá fi sípánà ńlá yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú, díẹ̀ síbí, díẹ̀ sọ́hùn-ún. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ ta á nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì ṣì wà nínú rẹ̀ tí nọ́súlù sì ti padà sí àyè rẹ̀: ohun olómi kì í ṣeé fún pọ̀, ọ̀pá písítìnnì ló máa tẹ̀.