Ta Ló Sọ 14 Di “General Market”?

Bí a bá tú káàdì Whot sílẹ̀ lórí tábìlì, a ò ní rí ìjà kankan lójú wọn. Káàdì 54 ni: róbótó, onígun mẹ́ta, àgbélébùú, onígun mẹ́rin àti ìràwọ̀, nọ́ńbà láti 1 dé 14 (6 àti 9 kò sí níbẹ̀), pẹ̀lú Whot 5 tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 20. William Henry Storey ló ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935. Àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń ta á nílẹ̀ wa, láti Ìkọ̀lé dé Ìtàjí-Èkìtì títí wọ Èkó, 1 ti di “hold on”, 2 di “pick two”, 5 di “pick three”, 8 di “suspension”, 14 sì di “general market”, tí gbogbo ẹni tó jókòó, àfi ẹni tó jù ú sílẹ̀, yóò fa káàdì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀kan tí Storey tẹ̀ sára káàdì nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ẹnu ni wọ́n ń gbé, ìdí nìyẹn tí orúkọ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òfin fúnra rẹ̀.

Ẹ fi wé káàdì Pokémon tó jáde ní Japan ní 1996. “Fire Spin” ni Charizard, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, fi ń jà. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn ló sọ pé ọṣẹ́ 100 ló ń ṣe, àti pé Charizard fúnra rẹ̀ yóò da káàdì agbára 2 nù. Orúkọ tibẹ̀ ń ya àwòrán ẹni tó ń jà. Orúkọ ti Whot ń pàṣẹ fún ẹni tí ìyà kàn. Orúkọ tó kọjú sí ẹni tí ìyà kàn kò ṣàjèjì sí Èkìtì. Ogun tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lé lórí ní 1886, Kírìjì lorúkọ tó mọ́ ọn lára: ìró ìbọn, bó ṣe ń dún sétí ẹni tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ.

Wọ́n lè ní Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, kí ló kan Yorùbá níbẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òkìtì káàdì tó dojú bolẹ̀ láàárín la ń pè ní ọjà. Ẹni tí kò ní èyí tó bára mu á lọ sọ́jà. Níbi tí ọjọ́ ọjà ti ń kó tọmọdé tàgbà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò ní kí wọ́n túmọ̀ “general market” fún òun? Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ: eré káàdì Crazy Eights ti ń fi káàdì fìyà jẹni, Uno tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1971 náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọgbọ́n náà jẹ́ àyálò, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àmọ́ Uno tẹ àṣẹ tirẹ̀ sójú káàdì, kò sì ní ọjà kankan nínú. Ti Whot wà lẹ́nu, ó sì ń yàtọ̀ láti ilé dé ilé: ṣé 2 lè gbani lọ́wọ́ 2, kí ẹni tó tẹ̀ lé e wá fa 4? Ilé kan gbà, ilé kejì kọ̀. Ẹni tí kò bá bèèrè kí wọ́n tó pín káàdì, kò ní rí ibi tí yóò ti kà á.