Cadillac Àtijọ́: Owó Rẹ̀ Wálẹ̀, Iyì Rẹ̀ Kò Wálẹ̀

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ilé wa, ti Amẹ́ríkà ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ọkọ̀ okasíọ̀n rí ní Kútọnu yóò rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Cadillac ọdún 1976 ni. Ó gùn gbọọrọ, ara rẹ̀ pupa bí obì, àga inú rẹ̀ fẹ̀ bí àga olóyè. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n, iye tí wọ́n ń tà á kò tó iye Toyota kékeré tuntun. Ṣé kí n rà á?” Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, ìtàn ni mo ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé. Nítorí náà, ìtàn ni mo fi dá a lóhùn. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀, nítorí àwa tí a fi èdè Faransé kàwé ni ó yẹ kó tètè yé. Détroit, ní èdè Faransé, ni ibi tí omi ti fún láàárín ilẹ̀ méjì. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Antoine de la Mothe Cadillac ló tẹ ibẹ̀ dó ní 1701. Ní 1902, nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan sílẹ̀ ní ìlú náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fún un. Henry Leland ló wà nídìí iṣẹ́ náà, ọkùnrin tí kì í fẹ́ kí irin kan fi bí irun orí tóbi ju èkejì lọ. Ní 1908, wọ́n tú Cadillac mẹ́ta palẹ̀ ní Ìlú Ọba, wọ́n da ẹ̀yà ara wọn pọ̀ mọ́ra, wọ́n sì tún wọn tò. Gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́. Nígbà yẹn, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, torí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń fi áyù rẹ́ irin wọn kó tó wọ ara. Ife-ẹ̀yẹ Dewar ni wọ́n fi yẹ́ wọn sí. Cadillac ti 1912 ló tún kọ́kọ́ jẹ́ kí ènìyàn fi iná mànàmáná tan ọkọ̀, dípò kó máa fi ọwọ́ yí irin níwájú rẹ̀. Leland kúrò níbẹ̀ ní 1917, ó sì lọ dá Lincoln sílẹ̀, èyí tí Ford rà ní 1922. Ẹ wò ó, ọkọ̀ olówó méjèèjì tí Amẹ́ríkà fi ń yangàn, ọwọ́ ẹnì kan náà ni wọ́n ti jáde.

Ó dáa, kí ló wá dé tí ọkọ̀ tó níyì báyìí fi ń di ọ̀pọ̀? Àwọn tó ṣe é gan-an ló fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. General Motors ti ra Cadillac ní 1909. Nígbà tí Alfred Sloan di olórí ibẹ̀ ní 1923, ó to àwọn ọkọ̀ rẹ̀ bí àkàsọ̀: Chevrolet wà nísàlẹ̀, Cadillac wà lókè pátápátá. Bí owó rẹ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni wàá máa gòkè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń yí ìrísí ọkọ̀ padà lọ́dọọdún, kí ti ọdún tó kọjá lè dà bí aṣọ tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá. Ní 1948, wọ́n fi ohun kan tó dà bí lẹbẹ ẹja sí ìdí Cadillac. Ọkọ̀ òfuurufú ogun P-38 ni wọ́n ti rí i kọ́. Lẹbẹ yẹn ń ga sí i títí dé 1959, nígbà tó ga ju ti ìgbàkígbà lọ. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní 1958, bí aládùúgbò rẹ̀ bá gbé ti 1959 dé, ojú ti ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Á tà á, á ra tuntun. Ẹni tí kò lówó tó bẹ́ẹ̀ ló máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò rà á.

Ẹ tún wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ náà. Ní 1957, dọ́là 13,074 ni wọ́n ń ta Cadillac Eldorado Brougham. Owó yẹn ra Chevrolet tuntun mẹ́rin, ṣẹ́ńjì á sì tún kù. Nítorí náà, ẹni tó bá ra ọkọ̀ olówó lẹ́yìn tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀, iyì tí ẹlòmíràn ti san owó rẹ̀ ló ń jẹ.

Iyì yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, nítorí pé àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọn kì í fẹ́ tà á fún, kódà bí owó bá wà lọ́wọ́ wọn. Peter Drucker kọ ọ́ sílẹ̀ pé títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ìlànà Cadillac ni pé kí wọ́n má ta ọkọ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó rí jájẹ, bí akọrin, abẹ̀ṣẹ́kùùbíójò, dókítà, á fún aláwọ̀ funfun kan lówó pé kó bá àwọn rà á ní orúkọ tirẹ̀. Nicholas Dreystadt, ọmọ Jámánì tó ń bójú tó àtúnṣe ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ náà, ló ṣàkíyèsí pé àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń gbé ọkọ̀ wá fún àtúnṣe. Ọjà Cadillac ti fẹ́ kú nígbà náà nítorí ọ̀dá owó. Ó lọ bá àwọn ọ̀gá, ó ní ẹ tà á fún wọn tààrà. Wọ́n gbà, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

Kí ló dé tí ọkọ̀ fi ṣe pàtàkì fún wọn tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí wọ́n ra ilé sí àdúgbò tó dára. Báǹkì kì í yá wọn lówó ilé. Òtẹ́ẹ̀lì kì í gbà wọ́n. Ní gúúsù, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń jókòó. Láti 1936 ni alàgbà kan tó ń jẹ́ Victor Hugo Green (bẹ́ẹ̀ ni, Victor Hugo!) ti ń tẹ ìwé tó ń tọ́ka ibi tí aláwọ̀ dúdú ti lè sùn, tó sì ti lè jẹun lójú ọ̀nà láìsí ìtìjú. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ńlá kò ní jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, bí òtẹ́ẹ̀lì bá sì kọ̀ ọ́, ó lè sùn sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ní 1949, ìwé ìròyìn Ebony, tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń kà jù lọ, kọ àròkọ kan lórí ìdí tí wọ́n fi ń ra Cadillac. Kókó rẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà jẹ́ ẹ̀rí fún aláwọ̀ dúdú pé òun kò rẹlẹ̀ sí aláwọ̀ funfun kankan. Ẹ má fi irú èyí pe fáàrí lásán.

Àwọn aláwọ̀ funfun tó jẹ́ ọmọ tálákà náà mọ adùn rẹ̀. Nígbà tí Elvis Presley bẹ̀rẹ̀ sí í rówó ní 1955, Cadillac ló rà, ó kùn ún ní àwọ̀ rósì, ó sì fi ta ìyá rẹ̀ lọ́rẹ. Ìyá náà kò mọ ọkọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ló ń wálẹ̀, owó oúnjẹ rẹ̀ kì í wálẹ̀. Ẹṣin olóyè, bó ti wù kó pọ́n ku díẹ̀ tó, koríko ẹṣin ni yóò jẹ. Cadillac 1976 tí àbúrò mi ń wò yẹn, ẹ̀ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 8.2. Ẹ̀ńjìnì Peugeot 504 tí gbogbo wa mọ̀ jẹ́ nǹkan bí lítà 2. Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn! Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà ní 1973, tí owó epo fò sókè, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ di ẹrù lọ́rùn olówó rẹ̀. Ní 1977, Cadillac gé ọkọ̀ rẹ̀ kúrú. Ní 1981, wọ́n ṣe ẹ̀ńjìnì kan tó lè pa sìlíńdà méjì tàbí mẹ́rin nínú mẹ́jọ rẹ̀ kí epo má baà lọ púpọ̀. Ó yọ àwọn èèyàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi ní kí mẹkáníìkì gé okùn rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ ló dára ní rírà.

Àwọn kan tún wà tí wọn kò rà á láti gùn. Ní 1976, Cadillac kéde pé Eldorado tí òrùlé rẹ̀ ń ká ti dópin, pé kò ní sí irú rẹ̀ mọ́ ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 14,000 ni wọ́n ṣe lọ́dún yẹn. Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé sáré rà á, wọ́n gbé e pamọ́ sínú gáráàjì, wọ́n ń retí pé yóò di wúrà. Nígbà tó di 1984, ilé iṣẹ́ náà tún gbé èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká jáde! Inú bí àwọn tó tọ́jú tiwọn, àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Èyí tó ń wa tirẹ̀ lọ sóde ti jẹ adùn rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Èyí tó ń kó eruku ní gáráàjì, kí ni olówó rẹ̀ jẹ?

Mo wá sọ fún àbúrò mi pé: Bí o bá máa ra Cadillac àtijọ́, ra èyí tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ tọ́jú, kì í ṣe èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ kí o tó sanwó ọkọ̀. Máa wà á, má gbé e pamọ́.

Ṣùgbọ́n mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un, òun ló sì dùn mí lọ́kàn jù. Lára owó tó fẹ́ fi rà á ni owó páànù ilé ìyá wa ní Kétu wà. Mo ní: “Àwọn tó fi Cadillac gba iyì wọn nígbà yẹn, ilé ni wọ́n fi dù wọ́n. Ìwọ, kò sẹ́ni tó fi ilé dù ọ́. Fi páànù bo orí ìyá wa ná. Ọkọ̀ yẹn ti dúró fún ọ láti 1976, ó lè dúró dè ọ́ fún ọdún méjì sí i. Bó o bá rà á tán, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá, kó lè fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ òrùlé tí kò jò.”

Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Lánàá ni owó páànù dé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọkọ̀ wo ni wọ́n ń pè ní ọkọ̀ olówó ní ìlú yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ta ló sì ń gùn ún? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí àwọn ọmọ wa lè kà á.