Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìtàkùrọ̀sọ

Òrè ni oríta tí ọ̀nà Èkó sí Ìbíní ti pàdé ọ̀nà Oǹdó. Ní oṣù kẹjọ 1967, ọmọ ogun Biafra gba ibẹ̀, ọ̀nà sì dí. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi ń wí pé, ‘Ó le kú, ìjà Òrè!’

Mo rántí oríta yìí nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa mọ́ wa ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2021. Onílé kan ló ni ín. Àṣẹ kan sì tó láti dí i. Títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022, ẹni tó mọ ẹ̀bùrú nìkan ló ń wọlé.

Mo wá dán Mastodon wò, èyí tí Eugen Rochko dá sílẹ̀ ní Jámánì ní 2016. Bí ìlú Yorùbá àtijọ́ ló rí: ìlú kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń ná ọjà ara wọn. Bí a ti ọ̀kan, ìyókù ṣí sílẹ̀.

Mo fi kọ̀ǹpútà mi kọ́ ilé tèmi sí Odigbo. Bí iná bá lọ, ilé a ṣókùnkùn. Owó epo jẹnẹrétọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán mi. Ní oṣù kẹta, mo padà di ayálégbé.

Síbẹ̀, n kò kábàámọ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni yóò máa tún òrùlé ṣe. Èmi nìkan kò tó o; bí ẹni mẹ́wàá bá dá èésú epo, ilé náà yóò dúró.