Bí Ṣàngó-Ọ̀tà Ṣe Di Àmì Ìbéèrè

Bí akọ̀wé bá tẹ orúkọ ìlú "Ṣàngó-Ọ̀tà" sínú àkójọ dátà tí wọ́n ṣe sí kóòdù lẹ́tà Latin-1, ohun tó sábà máa ń bá níbẹ̀ lẹ́yìn náà ni "?àngó-??tà". À àti ó kò fara pa, torí àwọn ará Yúróòpù ń lò wọ́n. Ṣ àti Ọ̀ ni kò ríbi jókòó.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò tètè ní àkọtọ́. Ìwé Ìròhìn ti ń jáde ní Abẹ́òkúta láti 1859, ìpàdé Èkó ti 1875 sì ti jíròrò bí a ó ṣe máa kọ èdè náà. Ṣùgbọ́n ASCII, kóòdù lẹ́tà kọ̀ǹpútà tí àwọn Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 1963, àyè 128 péré ló ní, kò sì sí lẹ́tà alámì kankan níbẹ̀. "Ota" lásán ni ó lè gbà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó rọ́ wá sí Ọ̀tà, àti sí ọgbà Agbara tí Olóyè Adeyemi Lawson dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́; kọ̀ǹpútà kàn wá sọ àṣà náà di dandan ni.

Latin-1 dé ní 1987 pẹ̀lú àyè 256. Ó gba Faransé àti Jámánì wọlé, ó ti Yorùbá síta. Ni àwọn èèyàn wa bá dọ́gbọ́n: wọ́n ṣe fọ́ǹtì tí ẹ fi ń jókòó sí àyè lẹ́tà mìíràn. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó dára. Lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, rádaràda ni.

Ibi tí a kò fojú sí ni ọ̀nà ti là. Unicode, kóòdù kan fún gbogbo èdè, bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ní 1993, ẹ àti ọ bá àwọn lẹ́tà Vietnam wọlé. Lọ́dọ̀ àwọn ará Vietnam, ohùn gan-an ni àmì ìsàlẹ̀ jẹ́, wọn kì í tún gbé ohùn mìíràn lé e lórí. Àwa ń gbé e lé e. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ fi jẹ́ kóòdù méjì títí dòní: ẹ lọ́tọ̀, ohùn òkè lọ́tọ̀.

Ẹni tó bá ń sọ àkójọ àtijọ́ di UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń kọ Unicode sí báìtì, bó bá rí "áº¹", kó má bẹ̀rù. Ẹ ni. Báìtì rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, kóòdù tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n fi kà á. Bí wọ́n bá kà á bó ṣe yẹ, yóò bọ̀ sípò. Fọ́ǹtì àdábọwọ́ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fẹ́ tábìlì ìpààrọ̀ tirẹ̀. Ti "?" ló burú jù: lẹ́tà ti lọ, àfi kí wọ́n lọ tú fọ́ọ̀mù oníwèé tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Iṣẹ́ ṣì kù síbẹ̀. Ẹlòmíràn ti tẹ é kó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀, ẹlòmíràn tẹ ẹ kó tó fi ohùn lé e. Ojú kò mọ ìyàtọ̀, ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. Bí wọn kò bá fi NFC, ìlànà Unicode fún mímú irú wọn bára mu, sọ wọ́n di ọ̀kan náà, ẹni tó ń wá "Olúṣẹ́gun" yóò rí díẹ̀ nínú àwọn Olúṣẹ́gun inú àkójọ náà, kò ní rí ìyókù.