Àrokò Inú Sẹ́ẹ̀lì, Àrokò Inú Kọ̀ǹpútà, Àrokò Orí Ọpọ́n: Àfiwé DNA, Kọ̀ǹpútà àti Ifá, àti Ipa Rẹ̀ Lórí Iṣẹ́ Ọnà

Ìfáárà

Ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń fi ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí wé àrokò. Nígbà tó yá, wọ́n fi í wé àṣẹ tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà. Nílẹ̀ Yorùbá, a ti fi kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wé Ifá. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó tọpasẹ̀ àwọn àfiwé wọ̀nyí, a ó wo ipa wọn lórí iṣẹ́ ọnà, a ó sì tọ́ka sí ibi tí ó yẹ kí olùkọ́ ti ṣọ́ra. Èrò wa ni pé àmì nìkan kọ́ ni àrokò. Ẹni tí ó lè kà á wà lára àrokò náà.

Bí Àfiwé Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1944, Erwin Schrödinger, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà, tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tí ẹ̀mí jẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti sọ pé ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì dà bí àkọsílẹ̀ àrokò. Ní ọdún 1953, James Watson àti Francis Crick ṣàlàyé ìrísí DNA. Iṣẹ́ ìwádìí Rosalind Franklin wà lára ẹ̀rí tí wọ́n gbára lé. Okùn méjì tó lọ́ mọ́ra ni DNA, lẹ́tà mẹ́rin, A, C, G àti T, ni a sì fi ń dá àwọn èròjà tó tò sórí rẹ̀ mọ̀. Mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. Ní ọdún 1961, Marshall Nirenberg àti Heinrich Matthaei rí ìtumọ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1966, ìtumọ̀ gbogbo ọ̀wọ́ 64 ti di mímọ̀. Àkókò yìí náà ni kọ̀ǹpútà ń gbilẹ̀, òun tí ó jẹ́ pé àmì méjì péré, òdo àti ení, ni ó ń lò. Kò yani lẹ́nu pé a fi ọ̀kan wé èkejì.

Ifá Ńkọ́?

Ní ọdún 1983, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Longe fi Ifá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bí babaláwo bá gbá ikin mẹ́rìndínlógún, tí méjì ṣẹ́kù sọ́wọ́, yóò tẹ ẹyọ kan. Tí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, yóò tẹ méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni yóò tẹ̀ ẹ́ kí odù kan tó pé, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Èyí ló mú kí odù jẹ́ 256: ojú odù 16 àti ọmọ odù 240. Iye kan náà ni báìtì kan nínú kọ̀ǹpútà lè gbà.

Bí a bá tún ka odù ní ìlà-ìlà, ọ̀nà mẹ́rin ni ìlà kọ̀ọ̀kan lè gbà jáde: ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀kan, ọ̀kan pẹ̀lú méjì, méjì pẹ̀lú ọ̀kan, tàbí méjì pẹ̀lú méjì. Ìlà mẹ́rin ló wà. Lẹ́tà DNA mẹ́rin tí a tò tẹ̀lé ara wọn náà yóò fún wa ní 256.

Ifá nìkan kọ́ ló ní irú ètò yìí. Yanrìn títẹ̀, tí a mọ̀ mọ́ àwọn ààfáà kan, ní àwòrán 16, ìlà mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, àmì kan tàbí méjì ló sì máa ń wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ìlọrin, yálà Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, rò pé ẹ̀kọ́ nípa ìṣirò yìí fẹ́ fa òun sínú ẹ̀sìn mìíràn.

Ipa Rẹ̀ Lórí Iṣẹ́ Ọnà

Ní ọdún 1999, Eduardo Kac, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì, gbé iṣẹ́ kan tí ó pè ní Genesis kalẹ̀ ní ìlú Linz ní Ọ́stríà. Ó mú gbólóhùn kan nínú Bíbélì, ó sọ ọ́ di àmì Morse, ó sọ àmì Morse di lẹ́tà DNA, ó sì fi í sínú bakitéríà. Àwọn òǹwòran lè ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tan iná sí bakitéríà náà, iná yìí a sì máa yí àwọn lẹ́tà padà. Nígbà tí a tún wọn tú padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn náà kò rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà tó rọ̀ mọ́ àrokò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm ní Jámánì, tí ó ti wà nínú àkójọ Christoph Weickmann láti ọdún 1659. Agbègbè Àlàdá, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni a gbà pé ó ti wá. Etí ọpọ́n ni agbẹ́gilére máa ń fín ọnà sí. Ó ń fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ ní gbọọrọ fún ìyẹ̀rosùn. Ibẹ̀ ni odù yóò ti hàn, ibẹ̀ náà ni a ó ti pa á rẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì nìyí: nínú iṣẹ́ Kac, bí àmì bá yí padà, ọ̀rọ̀ náà bá a lọ, lórí ọpọ́n, àmì a máa pa rẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ Ifá ṣì wà lórí babaláwo.

Àgbálọgbábọ̀

Pé iye odù bá iye báìtì mu kò fi hàn pé àwọn baba ńlá wa ṣe kọ̀ǹpútà, tàbí pé wọ́n mọ DNA. Irú ìyangàn bẹ́ẹ̀ ń dín Ifá kù ni. Àrokò owó ẹyọ lè là wá lọ́yẹ̀. Ẹyọ mẹ́fà tí a fi ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn ẹni fà sí olùgbà, nítorí pé "ẹ̀fà" àti "fà" jọ ní ìró. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè ka owó náà pé mẹ́fà, kò lè gbọ́ ohun tí ó ń wí. Bákan náà, DNA tí kò sí nínú sẹ́ẹ̀lì kò lè dá ohunkóhun ṣe.

Ní ọdún 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ogún àtẹnudẹ́nu tó ṣe pàtàkì jù lọ lágbàáyé. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1968, Wándé Abímbọ́lá ti tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde kí àwọn ẹsẹ náà má baà bá àwọn àgbà wọlẹ̀ lọ. Iṣẹ́ yìí kò tíì parí. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ pé odù jẹ́ 256, tí ọmọ náà kò mọ ẹsẹ kan péré, àmì lásán ni ó fi lé e lọ́wọ́. Kí olùkọ́ tó ń gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wá àgbà kan lágbègbè rẹ̀, kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì ní kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ọjọ́ tí òǹkàwé bá tán ni àrokò di ìlà lásán lórí ìyẹ̀rosùn.